Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́fà Tó Sọnù Nínú Ilé Wa

Ilé Sànyà,
Abúlé Ìdí-Apá, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo kí ọ kú ariwo Dopemu. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ níbi iṣẹ́, kí ó gba iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá bá ọ nídìí ìwé, kí ó là ọ́ níyè. Bí ó bá sì bá ọ lórí ibùsùn, má dìde, tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí kí o kà á nígbà tí o bá jí. Olùṣọ́ Ísírẹ́lì tí kì í tòògbé ni yóò máa ṣọ́ ọ, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ máa ń tòògbé nínú ọkọ̀, o sì ti sùn kọjá ibi tó yẹ kí o ti sọ̀ títí dé Maryland lẹ́ẹ̀mejì.

Ara èmi àti ìyá rẹ le. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í parọ́, nítorí náà mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun àárọ̀, kí n má sì gbà bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni.

O máa ronú pé kí ló dé tí Bàbá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ló gùn. Mo fẹ́ kó o sínú fóònù, ṣùgbọ́n Màrdíyyàh, ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ píóèsì san owó fún wa ní oríta, tó tún máa ń bá mi ka ohun tí o bá fi ránṣẹ́, wò ó, ó ní fóònù mi ti kún, kò sí àyè nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo délé mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bátìrì nìkan ni mo rí. Ìyá rẹ ní bóyá àwọn àdúrà tí wòlíì wa máa ń rán sí gbogbo ìjọ láràárọ̀ ló kún inú rẹ̀, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àdúrà wúwo, n kò sì lè ní kí wọ́n pa àdúrà rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya ewé méje nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwàásù sílẹ̀, tí mo sì jókòó.

Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdánwò rẹ yé wa dáadáa. O ti kàwé gboyè lórí ilé yíyà lẹ́ẹ̀kan, o tún fẹ́ wọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kejì láti gba èyí tó ga ju ìyẹn lọ, lórí ilé yíyà àti ètò ìlú, ìdánwò ìwọlé rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Oyè náà ni o pè ní másítà. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé bí o bá gbà á tán, ìwọ náà á máa gba ọmọṣẹ́. Nígbà tí Màrdíyyàh ka ọ̀rọ̀ rẹ síta pé pílánìn ìlú wà nínú ohun tí o fẹ́ kọ́, ìyá rẹ káwọ́ lérí. Ó ní ọmọ òun ò tíì lọ́kọ, kí ló fẹ́ fi pílánìn ṣe, pé àwọn abiyamọ tó ti bí mẹ́rin, márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa máa ń ṣe pílánìn fún. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ti ìlú ni, pé ìlú Èkó ló ti bímọ jù, tí àwọn ará Aláúsá sì fẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé e, ó sì ní iṣẹ́ tó dára ni.

O tún ní fọ́ọ̀mù náà ń béèrè réfírì. Mo tọ tíṣà rẹ àtijọ́ lọ, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí díẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n nítorí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé sísá kiri pápá mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí ìjókòó làwọn á ti ṣe é. Mo ti ra fèrè kan fún wọn lọ́jà. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé e sórí àwọn ìwé wọn.

Wàyí o, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó. Ìwọ lo ní lẹ́yìn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, wọn á pe yín jókòó, kálukú á sì mú àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà wá, ọ̀kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n wọ̀n láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. O ní ilé wa lo fẹ́ yà, ilé alámọ̀ tí ìyá mi Ojúọlápé kọ́, kí wọ́n tó wó o. Nítorí o mọ̀ pé bàbá rẹ àgbà, ẹ̀gbọ́n mi Alhaji Lukman, ti sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá pé kí òjò tó rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ ni ilé yẹn máa wà, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àwọn ni olórí ẹbí. Wọ́n sì ti mú Sátidé tó ń bọ̀ yìí fún àwọn tó máa wó o. Ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe ike ní Ikeja kò fún ọ láyè kí o wá wọ̀n ọ́n fúnra rẹ, o wá ní kí n bá ọ wọ̀n ọ́n.

Téèpù mi láti ayé bírìkìlà ti já kù sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Mo sì ronú pé bí mo bá kọ nọ́ńbà ránṣẹ́, nọ́ńbà lè ṣìnà lójú ọ̀nà, ẹni kan á gbọ́ mẹ́jọ á kọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n okùn kì í parọ́. Ohun tó jẹ́ kí n ra okùn ọ̀gbọ̀ nìyẹn, mo na ọ̀kan sí ẹ̀yìn ilé láti igun dé igun mo gé e, mo na ọ̀kan sí pálọ̀ mo gé e, ọ̀kan sí yàrá mi, ọ̀kan sí yàrá ìyá mi, mo sì so àkísà àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn kí o lè mọ èyí tó jẹ́ ti ibì kan. Mo tún gé pélébé kan tó jẹ́ ìnípọn ògiri. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo fún Nùréènì awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà Dopemu, mo ní kó rọra wa ọkọ̀, pé ilé wa ló wà nínú àpò yẹn.

Nígbà tí o pè tí o ní àpò ti dé, o sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní yàrá rẹ kò gba okùn náà, pé nígbà tí ẹ jáde ṣíìfù, ìwọ àti Olúwafúnkẹ́mi tí ẹ jọ ń ka ìdérí ike, ẹ na ilé wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé iṣẹ́, lórí ọ̀dà, ẹ fi òkúta di igun rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án tí ojú mi ń lọ, mo máa ń rí i. Mo máa ń rí ilé wa nílẹ̀ ní Ikeja, kò ní ògiri, kò ní páànù, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ibi gbogbo. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, wọ́n ń gba àárín pálọ̀ wa kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan dúró gan-an níbi tí ìkòkò omi ìyá mi máa ń wà, ó ń jẹ gúgúrú. Obìnrin kan jókòó sí ibi tí wọ́n bí mi sí, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ kó lè gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Èéfín ilé iṣẹ́ kan ń rọra kọjá lórí wa bí ẹni pé àwa la ń dáná. N kì í sì í bínú sí àwọn ènìyàn náà. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i.

Èmi náà ti gbé àdúgbò yẹn rí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ lébìrà ní Ikeja, tí mò ń sùn ní Agege. Mo ti bá wọn to búlọ́ọ̀kù ọgbà tó gùn débi pé bí ẹni tó wà ní òpin rẹ̀ bá pè ọ́, o máa parí ohun tí ò ń ṣe kí ohùn rẹ̀ tó dé. A kì í bi ara wa léèrè pé ta ló ya ilé náà. Mo rò pé ilé kàn máa ń wá ni.

Lọ́jọ́ Àìkú o wá pè. Ohùn rẹ kò dùn. O ní ó ti rẹ̀ ọ́, pé o ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pé àwọn tí ẹ jọ kàwé ti ní tábìlì ní Aláúsá nígbà tí ìwọ ń ka ìdérí, pé ìwé máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ bí o bá dé láti ibi iṣẹ́, pé bóyá kí o fi ìdánwò náà sílẹ̀. O tún ní àwòrán ilé wa pàápàá kò bọ́ sí i. O ní ẹ̀yìn ilé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́ta, ṣùgbọ́n bí o bá to pálọ̀ àti yàrá méjèèjì pọ̀, tí o sì fi ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún un, méjìlélógójì ni. O ní, Bàbá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ti sọnù nínú ilé yín.

Ọ̀rọ̀ náà kó ìdààmú bá mi. Mo tún ilé wọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò yí padà. Mo tọ Nùréènì lọ bóyá ó gé nínú okùn náà so ẹrù, ó búra pé òun kò tú ẹnu àpò. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè mo kúkú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí bí nǹkan bá sọnù lára ilé ènìyàn, ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ. Ọlọ́pàá náà jẹ́ ọmọlúàbí, ó fún mi níjòókòó, ó mú ìwé, ó béèrè ohun tó sọnù. Mo ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni. Ó béèrè bóyá ti awọ ni àbí kánfáàsì. Mo ní ti ilé ni. Ó ní ó yé òun, sílípáàsì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàtà mẹ́ta, méjì-méjì. Ó béèrè ẹni tí mo fura sí, mo ní ọmọ mi tó wà ní Èkó ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kò sí níbẹ̀. Ó wò mí, ó dẹ́kun kíkọ, ó ní kí n lọ wo abẹ́ ibùsùn dáadáa.

Ìyá rẹ ló wá ojútùú sí i. Mo délé mo bá a tó ń fi orí ọmọ odó kan ògiri jẹ́jẹ́, láti ọ̀kan dé èkejì, bí ẹni tó ń yan àgbọn lọ́jà. Nígbà tó dé ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ìyá mi, ó dúró. Ó ní kí n wá gbọ́. Ó ń dún gbọ̀ọ̀ bí àgbá. Moyọ̀sọ́lá, bírìkìlà ni mí fún ogójì ọdún. Èmi ni mo rẹ́ ògiri yẹn ní sìmẹ́ńtì lọ́dún tí a bí ọ. Yàtọ̀ sí ìgbà tí mo wà ní Agege, inú ilé yẹn ni mo ti ń sùn láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ojú tì mí débi pé mo lọ jókòó síta.

N kò lè fọ́ ọ láìgba àṣẹ. Mo rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. O mọ bí wọ́n ṣe rí: wọn kì í jẹun nílé wa, wọn kì í wọlé, ìta ni wọ́n máa ń dúró sí ṣe ìpàdé ẹbí, a sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé yàrá kan wà nínú ilé tí a kò mọ̀. Tẹ̀sùbáà wọn dúró lọ́wọ́. Wọ́n béèrè pé ta ló sọ fún mi. Mo ní ìwọ ni, láti Dopemu, pé o kà á lórí okùn. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, pé Sátidé ò jìnnà, gbogbo rẹ̀ á wó lulẹ̀ pa pọ̀. Ohùn wọn gbọ̀n. N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyá wa kú. Mo padà sílé, mo ní kí ìyá rẹ gbé ọmọ odó náà padà sí ìdáná.

Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, tíí ṣe àná, a rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n di òòlù àti irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ògiri sínú aṣọ ìnujú. Wọ́n bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n lọ tààrà sí yàrá ìyá mi, wọ́n fọwọ́ lé ibì kan lára ògiri, wọ́n ní ibí yìí ni ilẹ̀kùn náà wà. Wọ́n ní àwọn ni àwọn pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀, àwọn náà ni àwọn máa ṣí i. Mo fẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ wọn nítorí ọjọ́ orí wọn ti di mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, wọn kò gbà. Èmi àti ìyá rẹ ń kó amọ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń fọ́ ọ ni wọ́n ń sọ ọ́, wọn kò wo ojú wa.

Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwọn, àwọn ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Agege, àwọn ń kọ́ aṣọ rírán. Èmi nígbà náà wà lẹ́yìn ìyá mi, n kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó. Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn àti èmi. Tèmilọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Gbogbo ohun tí èmi mọ̀ nípa rẹ̀ títí di àná kò ju pé ìyá mi bí ọmọ kan tó kú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wálé láti Agege fún ọdún iléyá, wọ́n gbé ibà wálé, ibà yẹn sì ni àrùn ilẹ̀ẹ́gbóná tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lójú wọn tí a rò pé irorẹ́ ìgbà èwe ni, òun ni. Àwo kan náà ni àwọn àti Tèmilọlá ti ń jẹun. Ara wọn yá. Ó wá mú Tèmilọlá.

Ìyá mi gbé e sínú yàrá kékeré yẹn kó má baà kó ran èmi ọmọ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé àfi ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi tó sì ti ṣe é kọjá ló ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń ti oúnjẹ sí i. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ náà kò sunkún púpọ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí Lukman máa sọ ohun tó wà níta fún òun. Wọ́n ń sọ fún un: ta ló ń kọjá, ilé ta ni wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, ibi tí omi ti ya bo ọ̀nà odò. Nígbà tí ìròyìn Ìdí-Apá tán, wọ́n ń sọ ti Agege. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, kò dáhùn. Àwọn tó ń tọ́jú irú òkú bẹ́ẹ̀ gbé e lọ, wọn kò fi ibojì han ìyá mi. Ìyá mi mọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa lọ́jọ́ kan náà, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọn kò fi dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ìdí nìyí tí àwọn fi fẹ́ kí ilé náà wó, kó lè tán.

Ihò náà ti tóbi tó wàyí. Yàrá náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ògiri tó dí i gba ẹyọ kan, mẹ́fà rẹ pé. Òórùn eruku àti amọ̀ gbígbẹ ló kọ́kọ́ jáde. Pèpéle amọ̀ kan wà níbẹ̀, àwo tánganran kan, ẹní tó di lẹ́búlẹ́bú nígbà tí ìyá rẹ fọwọ́ kàn án. Mo tan iná fóònù sí i.

Gbogbo ògiri ni ó ya nǹkan sí, ọmọ mi. Èédú ló fi yà á, ó sì fi ẹfun kún àárín rẹ̀. Ìdí-Apá ni, ilé lẹ́yìn ilé, àti ọ̀nà tó lọ sódò, àti kànga. Kò yà wọ́n bí ènìyàn ṣe ń rí ilé láti iwájú. Ó yà wọ́n bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń fò kọjá tó wolẹ̀, bí ìwọ ṣe máa ń ṣe é, tí èmi máa ń bi ọ́ pé òrùlé ńkọ́. Mo rí ilé wa. Mo ka yàrá inú rẹ̀, mẹ́rin ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ìyẹn. Wọ́n ń wo ògiri kejì, wọ́n sì fi ìka tọ ìlà méjì kan tó sá tẹ̀lé ara wọn láti ibẹ̀ yí igun kọjá sí ògiri kẹta, ilé kéékèèké pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màlúù wà níbẹ̀, òṣùpá náà wà. Wọ́n ní Agege ni. Wọ́n ní àwọn sọ fún un pé ọkọ̀ ojú irin gùn gan-an, ló fi yà á kọjá ògiri méjì, kò dé ibẹ̀ rí, ẹnu ni àwọn fi gbé e lọ. Wọ́n wá jókòó sórí pèpéle náà, wọ́n fi aṣọ ìnujú tí wọ́n fi di òòlù bo ojú wọn, èjìká wọn ń mì. Ìyá rẹ jókòó tì wọ́n. Èmi dúró, mo di iná mú, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè dì mú.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bu omi bọ́jú, wọ́n ní kí Nùréènì lọ sọ fún àwọn tó ń bọ̀ ní Sátidé kí wọ́n má wá mọ́. Wọ́n ní òrùlé la máa tún ṣe. Wọ́n wá bi mí ohun tí o fẹ́ fi àwòrán ilé náà ṣe. Mo ṣàlàyé ìdánwò rẹ fún wọn bó ti yé mi. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé bí o bá ya yàrá yẹn, kí o kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí o kọ ọ́ kó hàn ketekete: Yàrá Tèmilọlá. Ìyá rẹ ti ń sọ pé ìwọ ni Tèmilọlá tó padà wá. Wòlíì wa ní ká má sọ irú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà ní ẹ̀sìn àwọn kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi mí pé ọjọ́ wo la bí ọ.

Ní ti pé kí o fi ìdánwò sílẹ̀, n kò ní bá ọ jà. O ti dàgbà, ìwọ lo mọ bí ara ṣe ń ro ọ́ tó. N kò mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn nínú yàrá kọ̀ǹpútà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ènìyàn mẹ́ta ló ń gbé inú ilé yìí tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí òyìnbó ṣì wà, a kò rí i tàbí a rí i a kò sọ, ìwọ tí àárẹ̀ ti mú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣíìfù, o na okùn sílẹ̀ lójú títì Ikeja, o sì rí i. Bí o bá lọ, máa lọ pẹ̀lú ìyẹn. Bí o kò bá sì lọ, a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ náà.

Okùn kan tuntun wà nínú àpò tí Nùréènì gbé wá yìí, èyí tí mo so àkísà aró mọ́. Ti yàrá Tèmilọlá ni. Màrdíyyàh ti fi fóònù tirẹ̀ ya àwòrán àwọn ògiri náà, àyè wà nínú tirẹ̀, mo sì ní kó má tíì fi ránṣẹ́ sí ọ títí lẹ́tà yìí á fi dé, kí o má baà rí i lójijì nínú ọkọ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún pákó fèrèsé àti ìdè rẹ̀ mẹ́rin, a fẹ́ ṣí fèrèsé yàrá náà padà. Ti òrùlé, bàbá rẹ àgbà ní àwọn máa gbé e. Má gba báńkì fi owó náà ránṣẹ́, nítorí ìgbà tó kọjá Màrdíyyàh ní owó náà wà ní Pẹ́ńdìn, ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yẹn tí mo lè ní kó bá mi wò ó. Fún Nùréènì. Ìyá rẹ ń fẹ́ búrẹ́dì Agege méjì, èyí tí wọn kò tíì gé. Bí owó kò bá sí, fi búrẹ́dì nìkan ránṣẹ́, fèrèsé lè dúró.

Ọlọ́run tó ń fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀. Ibi tí o bá fa ìlà sí kò ní di ahoro. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi ọ́, èyí tí o mọ̀ ni yóò jẹ́, èyí tí o kò mọ̀ kò ní rántí orúkọ rẹ. Ìwọ náà yóò kọ́lé, wàá sì gbé inú rẹ̀ pẹ́. Oorun rẹ yóò dùn, jíjí rẹ yóò dùn jù ú lọ. Àmín.

N kò lè kọ jù báyìí lọ, nítorí mo fẹ́ máa fetí sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá náà láti ìgbà tí wọ́n ti kírun ọ̀sán. Wọ́n gba àga lọ́wọ́ ìyá rẹ, wọ́n ní ká má pa ilẹ̀kùn dé. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí mò ń gbọ́ wọn: wọ́n ń sọ fún un bí Agege ṣe rí báyìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sànyà.